Bí Ọlọ́run bá ń gba ẹni òróró rẹ̀ là, kí ni Sáàmù 89 ń sunkún sí?

Arábìnrin kan tí ó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ aládùúrà nínú ìjọ rẹ̀ kọ̀wé sí mi pé: “Bàbá Olùkọ́, ẹ kú iṣẹ́ Olúwa. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún olùṣọ́-àgùntàn wa, ẹgbẹ́ wa gbààwẹ̀, a sì ń ka Sáàmù 20 àti 21 lójoojúmọ́, pàápàá ẹsẹ tí ó ní Olúwa ń gba ẹni òróró rẹ̀ là, àti èyí tí ó ní ọba tọrọ ẹ̀mí, Ọlọ́run sì fi fún un. Bàbá náà kò jí mọ́. Lẹ́yìn ìsìnkú, alàgbà kan dìde ní ìpàdé, ó ní ẹni òróró Ọlọ́run kì í kú ikú àìtọ́jọ́, pé ẹ̀ṣẹ̀ kan ní láti wà níbẹ̀ tí a kò mọ̀. Ó dùn mí wọra, ṣùgbọ́n n kò rí èsì fọ̀. Nígbà tí mo padà sídìí Bíbélì ni mo ṣalábàápàdé Sáàmù 89, níbi tí wọ́n ti sọ fún Ọlọ́run lójú rẹ̀ pé ó ti ta ẹni òróró rẹ̀ nù. Èwo ni kí a gbà gbọ́ nínú méjèèjì? Ṣé kí a dẹ́kun kíka Sáàmù 20 fún aláìsàn ni?”

Ẹ kú àṣẹ̀yìndè, arábìnrin mi. Kí Ọlọ́run tu ẹ̀yin àti ìdílé olóògbé nínú. Ohun mẹ́ta ló wé mọ́ ara wọn nínú ìbéèrè yín, ó sì yẹ kí a tú wọn sọ́tọ̀. Èkíní ni bí àwọn ewì inú Bíbélì ṣe ń sọ̀rọ̀ nípa ẹni òróró Ọlọ́run. Ohun tí mo ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti ọjọ́ pípẹ́ nìyẹn, mo sì lè fi ìgboyà sọ̀rọ̀ lé e lórí. Èkejì ni ohun tí àwọn ewì náà sọ nípa ibi tí ìyà ti ń wá; a ó rí nǹkan dì mú níbẹ̀, bí kò tilẹ̀ ní tó gbogbo ohun tí a ń fẹ́. Ẹ̀kẹta ni ìdí tí olùṣọ́-àgùntàn yín fi kú. Èyí, n kò mọ̀ ọ́n, alàgbà yín náà kò sì mọ̀ ọ́n.

Orí ẹni tí a ń pè ní ẹni òróró ni ó yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni àṣìyé ti kọ́kọ́ wọlé. Ní Ísírẹ́lì àtijọ́, wọ́n ń fi òróró yan àlùfáà, wọ́n sì ń fi í yan ọba. Ṣùgbọ́n nínú ìwé Sáàmù, bí a bá gbọ́ “ẹni òróró Olúwa”, ọba ni ó sábà ń jẹ́, ọba láti ìdílé Dáfídì tí ó jókòó lórí ìtẹ́ ní Jerúsálẹ́mù. Hermann Gunkel, onímọ̀ ará Jámánì tí ó kú ní ọdún 1932, wà lára àwọn tí ó la ọ̀nà fún wa láti rí irú orin bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀yà kan tí ó dá dúró. Sáàmù 2, 18, 20, 21, 45, 72, 101, 110, 132 àti 144 wà nínú wọn, àti Sáàmù 89 tí ẹ bá pàdé yìí. Ọ̀rọ̀ ìjọba ni wọ́n ń bá rìn: òmíràn bá ọjọ́ tí ọba gorí ìtẹ́ mu, òmíràn jẹ́ ti ọjọ́ ogun, Sáàmù 45 sì jẹ́ orin ìgbéyàwó ọba. Kò sí èyí tí a kọ nítorí ẹni tí ó fẹ́ wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. N kò ní kí a má kà wọ́n fún aláìsàn o, ṣùgbọ́n ó yẹ kí a mọ̀ pé a yá ọ̀rọ̀ náà lò ni, kí a má sì sọ gbólóhùn tí a sọ fún ọba tí ó ń lọ sójú ogun di ìwé àdéhùn tí Ọlọ́run bá gbogbo pásítọ̀ tọwọ́ bọ̀.

Ẹ tún Sáàmù 20 kà, kí ẹ fara balẹ̀ kà á. Ọ̀rọ̀ tí ó ṣíwájú nínú rẹ̀ ni pé kí Olúwa gbọ́ ohùn rẹ ní ọjọ́ ìpọ́njú. Inú ìpọ́njú ni orin ìṣẹ́gun yìí ti bẹ̀rẹ̀. Láti ẹsẹ 1 títí dé ẹsẹ 5, “kí ó” ni gbogbo rẹ̀: kí ó rán ìrànlọ́wọ́ sí ọ, kí ó rántí ọrẹ rẹ, kí ó fún ọ ní ohun tí ọkàn rẹ ń fẹ́. Àwọn ènìyàn ló ń gbàdúrà fún ọba tí kò tíì jáde ogun. Ẹsẹ 6 ni ohùn kan ti gbà á lẹ́nu wọn pé, nísinsìnyí ni mo mọ̀ pé Olúwa gba ẹni òróró rẹ̀ là. Àwọn onímọ̀ kan rò pé àlùfáà tàbí wòlíì ni ó sọ ọ́ lẹ́yìn tí wọ́n rúbọ tán. Àbá náà bọ́gbọ́n mu lójú mi, bí Sáàmù náà kò tilẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní àwọn mìíràn gbẹ́kẹ̀ lé kẹ̀kẹ́ ogun, àwọn mìíràn gbẹ́kẹ̀ lé ẹṣin, ọ̀rọ̀ tí ó bá òfin inú Deuterónómì 17 mu, èyí tí ó ní ọba Ísírẹ́lì kò gbọdọ̀ máa kó ẹṣin jọ. Bí ẹni bá rò pé ìdánilójú ẹsẹ 6 ti parí ọ̀rọ̀, kí ó wo ẹsẹ 9, níbi tí wọ́n ti padà sí ẹ̀bẹ̀ pé, gbà wá, Olúwa, kí o sì dá wa lóhùn ní ọjọ́ tí a bá ké pè ọ́. Àárín àdúrà méjì ni ìdánilójú náà wà, ẹni tí ó bá sì yọ ọ́ kúrò láàárín wọn, tí ó fi í lé ògiri, ti sọ ọ́ di ohun mìíràn.

Sáàmù 21 ni ó jọ pé ọba ti ti ogun dé. Ó tọrọ ẹ̀mí, wọ́n fún un, “àní ọjọ́ gígùn láé àti láéláé”. Àwọn tí ó kọ ọ́ mọ̀ pé ọba ń kú. Ìwé Àwọn Ọba Kìíní, orí kejì, sọ ikú Dáfídì láìfi ohunkóhun bò. Ẹ̀mí tí wọ́n ń wí ni ti ọba tí ogun kò pa, àti ti ìdílé tí wọ́n ń retí pé ìtẹ́ kò ní bọ́ mọ́ lọ́wọ́, ohùn kan náà tí ẹ ó gbọ́ ní Sáàmù 72 níbi tí wọ́n ti ní kí orúkọ ọba máa wà níwọ̀n ìgbà tí oòrùn bá wà. Èdè ààfin ni. Nílẹ̀ wa, ẹni tí ó bá kí ọba pé kí adé pẹ́ lórí, kí bàtà pẹ́ lẹ́sẹ̀, kò di òpùrọ́ ní ọjọ́ tí ọba bá wàjà, ẹnikẹ́ni kì í sì í torí rẹ̀ wádìí ẹ̀ṣẹ̀ ọba. Ẹ ṣàkíyèsí pẹ̀lú pé láti ẹsẹ 8 ni orin náà ti yí sí ọjọ́ iwájú, pé ọwọ́ ọba yóò wá àwọn ọ̀tá rẹ̀ rí. Ọ̀tá ṣì wà nílẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́gun. Ẹgbẹ́ yín sì dúró ní Sáàmù 21. Bí ẹ bá tẹ̀ síwájú díẹ̀ sí i, 22 ló kàn, ẹ̀yin náà sì mọ bí ó ti bẹ̀rẹ̀: Ọlọ́run mi, Ọlọ́run mi, èéṣe tí o fi kọ̀ mí sílẹ̀?

Irú ìtòlẹ́sẹẹsẹ bẹ́ẹ̀ kò ṣàdédé wà. Ẹ wo ìbẹ̀rẹ̀ ìwé náà gan-an. Sáàmù 2 ni orin ìṣẹ́gun tí ó le jù: àwọn ọba ayé gbìmọ̀ pọ̀ sí Olúwa àti sí ẹni òróró rẹ̀, Ọlọ́run fi wọ́n rẹ́rìn-ín, ó ní òun ti fi ọba òun jẹ lórí Síónì, ọba náà yóò sì fi ọ̀pá irin fọ́ wọn bí ìkòkò amọ̀. Kí inú wa tó dùn tán, Sáàmù 3 ti dé, àkọlé rẹ̀ sì ni pé orin Dáfídì ni nígbà tí ó sá fún Ábúsálómù ọmọ rẹ̀. Ìwé Sámúẹ́lì Kejì, orí 15, ròyìn ọjọ́ náà: ọba ń gun Òkè Ólífì láìwọ bàtà, ó bo orí rẹ̀, ó ń sunkún lọ. Àwọn onímọ̀ kò fẹnu kò lórí ìgbà tí a kọ àwọn àkọlé Sáàmù, ṣùgbọ́n wọ́n ti pẹ́ gan-an, ẹni tí ó sì fi èyí síbẹ̀ mọ ohun tí ó ń ṣe: ẹni òróró tí gbogbo ọba ayé kò lè yẹ̀ nípò ni ọmọ bíbí inú ara rẹ̀ lé jáde nílé. Ẹ sì wo ohun tí àwọn ènìyàn ń sọ nípa rẹ̀ ní ẹsẹ 2, pé kò sí ìrànlọ́wọ́ fún un lọ́dọ̀ Ọlọ́run. Ọ̀rọ̀ alàgbà yín ti wà nínú Bíbélì láti ìgbà náà, ẹnu àwọn tí ó ń yọ Dáfídì lẹ́nu ni ó sì ti jáde.

Ìtàn ìgbésí ayé Dáfídì pàápàá bá ètò yìí mu. Sámúẹ́lì da òróró sí i lórí ní Bẹ́tílẹ́hẹ́mù nígbà tí ó ṣì ń da àgùntàn. Ohun tí ó tẹ̀ lé òróró yẹn ni ọ̀kọ̀ Sọ́ọ̀lù, ihò àpáta Ádúlámù, àti ọjọ́ tí ó ń ṣe bí wèrè níwájú ọba Gátì kí wọ́n má baà pa á. Ẹni ọgbọ̀n ọdún ni nígbà tí ó jọba; ó lo ọdún méje àti oṣù mẹ́fà ní Hébúrónì kí gbogbo Ísírẹ́lì tó gbà á. Kò sí ibì kan nínú ìtàn náà tí a ti ní òróró kò jẹ́ nígbà tí ó wà nínú ihò.

Ẹsẹ tí ó wà lẹ́nu àwọn tí ń sọ̀rọ̀ bí alàgbà yín ni Sáàmù 105 ẹsẹ 15, pé ẹ má ṣe fọwọ́ kan ẹni òróró mi, kí ẹ má sì ṣe wòlíì mi ní ibi. Mo ti gbọ́ ọ níbi ìsọjí, mo ti gbọ́ ọ níbi ìjà owó ìjọ, mo sì fẹ́ràn láti máa béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó bá kà á pé kí ni ẹsẹ tí ó tẹ̀ lé e sọ. Kì í ṣe ọba ni ẹsẹ 15 ń tọ́ka sí. Ábúráhámù, Ísákì àti Jákọ́bù ni, àlejò tí kò tó nǹkan níye, tí wọ́n ń ti ọ̀dọ̀ orílẹ̀-èdè kan bọ́ sí òmíràn, tí Ọlọ́run kò sì jẹ́ kí Fáráò àti Ábímélékì pa wọ́n lára. Ṣùgbọ́n ní ẹsẹ 17 àti 18, kí a tó mí, akéwì ti ń sọ ti Jósẹ́fù tí a tà lẹ́rú, tí wọ́n fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ pa ẹsẹ̀ rẹ̀ lára, tí a dè é nínú irin. Olúwa fúnra rẹ̀ ni akéwì náà ní ó rán an lọ ṣáájú. Ọlọ́run tí ó ní kí wọ́n má fọwọ́ kan àwọn baba náà ni ó rán ọmọ wọn sínú irin, nínú ewì kan ṣoṣo, láàárín ẹsẹ mẹ́rin. Akéwì náà kò sì rí ìtakora kankan níbẹ̀.

Nísinsìnyí, Sáàmù 89. Ẹ ní wọ́n sọ ọ́ fún Ọlọ́run lójú rẹ̀. Òótọ́ ni, n kò sì ní bá yín dẹ ọ̀rọ̀ náà lójú. Ẹsẹ 52 ni ó ní, orúkọ Étánì ará Ésírà sì wà lórí rẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé ẹsẹ 37, ìyìn ni. Akéwì kọrin àánú Olúwa àti òtítọ́ rẹ̀, ó rántí pé Ọlọ́run rí Dáfídì ìránṣẹ́ rẹ̀, ó fi òróró mímọ́ yàn án, ó sọ ọ́ di àkọ́bí, ó bá a dá májẹ̀mú. Bí àwọn ọmọ rẹ̀ bá kọ òfin sílẹ̀, Ọlọ́run yóò fi ọ̀pá nà wọ́n, ṣùgbọ́n kò ní mú àánú rẹ̀ kúrò. Ó ti fi ìwà mímọ́ rẹ̀ búra, kò sì ní purọ́ fún Dáfídì. Lẹ́yìn gbogbo èyí ni “ṣùgbọ́n” ẹsẹ 38 dé, láti ibẹ̀ sì ni akéwì ti ń na ìka sí Ọlọ́run: ìwọ ni o ta á nù, ìwọ ni o bínú sí ẹni òróró rẹ, ìwọ ni o sọ adé rẹ̀ sílẹ̀, ìwọ ni o wó odi rẹ̀, ìwọ ni o mú kí inú àwọn ọ̀tá rẹ̀ dùn. Ní ẹsẹ 45, ó ní ìwọ ni o gé ọjọ́ ìgbà èwe rẹ̀ kúrú. Ẹ mú ẹsẹ yẹn lọ fún ẹni tí ó bá ní ọjọ́ ẹni òróró kì í kúrú.

Ohun kan wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ máa ń fò kọjá, òun ni ó sì kan ọ̀rọ̀ yín jù. Nínú ẹsẹ 30 sí 32, akéwì ti ní àlàyé tí kò ní wahala lọ́wọ́, pé bí àwọn ọmọ Dáfídì bá dẹ́ṣẹ̀, a ó nà wọ́n. Nígbà tí ìyà wá dé, kò lo àlàyé náà. Kò ní ọba dẹ́ṣẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò ní ọba kò dẹ́ṣẹ̀. Ó fi gbogbo rẹ̀ síwájú Ọlọ́run, ó ní yóò ti pẹ́ tó, níbo ni àánú rẹ àtijọ́ wà tí o búra rẹ̀ fún Dáfídì. Orin náà parí sórí ẹ̀gàn tí àwọn ọ̀tá ń gan ipasẹ̀ ẹni òróró. Ìyìn kúkúrú tí ó wà ní ẹsẹ 52 jẹ́ ti òpin Ìwé Kẹta nínú ìwé márùn-ún tí Sáàmù pín sí, bí ẹ ó ti rí irú rẹ̀ ní ìparí 41, 72 àti 106. A kò lè pè é ní èsì sí ìbéèrè náà. Kò sí èsì níbẹ̀.

Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé ẹkún ìṣubú Jerúsálẹ́mù ni, nígbà tí àwọn ará Bábílónì sun tẹ́ḿpìlì ní nǹkan bí ọdún 586 kí a tó bí Kristi. Àwọn mìíràn ní ó lè jẹ́ ìgbà kan ṣáájú tí ọ̀tá ṣẹ́gun wọn. Èrò àkọ́kọ́ ni mo fara mọ́. Ẹni tí ó bá ka ìparí ìwé Àwọn Ọba Kejì yóò mọ ohun tí ojú àwọn ẹni òróró ìkẹyìn rí. Wọ́n fi òróró yan Jèhóáhásì, oṣù mẹ́ta péré ni ó lò kí Fáráò tó mú un lọ sí Íjíbítì, ibẹ̀ ni ó kú sí. Jèhóíákínì jọba ní ọmọ ọdún méjìdínlógún, oṣù mẹ́ta ni òun náà lò, wọ́n kó o lọ sí Bábílónì ní 597 kí a tó bí Kristi. Wọ́n pa àwọn ọmọ Sedekáyà lójú rẹ̀, wọ́n sì fọ́ ojú náà. Ìwé Ẹkún Jeremáyà 4:20 pe ọba tí wọ́n mú náà ní èémí ihò imú wa, ẹni òróró Olúwa, tí ó kó sínú kòtò wọn, tí àwa ti ní abẹ́ òjìji rẹ̀ ni a ó máa gbé. Àwọn tí ó ń kọ Sáàmù 20 ní àgbàlá tẹ́ḿpìlì ni ọmọ wọn ń sun irú ẹkún yìí.

Wọn kò sì ju ọ̀kankan nù nínú méjèèjì. Àwọn onímọ̀ kan sọ pé lẹ́yìn Sáàmù 89 ìwé náà kúrò lórí ọba ènìyàn, ó gbájú mọ́ Olúwa tí ó jọba, bí ẹ ti rí i ní 93 àti 96 títí dé 99. Òtítọ́ wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò tán síbẹ̀, nítorí ẹni òróró tún padà ní 110 àti 132. Sáàmù 132 sì dára fún yín. Ó bẹ̀rẹ̀ pé, Olúwa, rántí Dáfídì àti gbogbo ìpọ́njú rẹ̀. Ìpọ́njú ni wọ́n fi ń bẹ Ọlọ́run, kí ó má baà yí ojú ẹni òróró rẹ̀ padà. Nígbà tí yóò fi parí, Ọlọ́run ti ní òun ti pèsè fìtílà fún ẹni òróró òun.

Nípa ibi tí ìyà ti ń wá, ẹ jẹ́ kí n fún alàgbà yín ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Nígbà mìíràn, ẹ̀ṣẹ̀ ni. Nítorí ọ̀rọ̀ Ùráyà àti ìyàwó rẹ̀, Nátánì sọ fún Dáfídì pé idà kò ní kúrò ní ilé rẹ̀, ọ̀tẹ̀ Ábúsálómù sì wà lára rẹ̀. Sáàmù 51 gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n wòlíì ni Ọlọ́run rán sí i, ojúkojú ni ó sì bá a sọ ọ́, nígbà tí ó wà láàyè tí ó lè ronú pìwà dà. Ẹni tí ó dúró lórí ibojì, tí ó ń wá ẹ̀ṣẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀, kò rìn ní ọ̀nà Nátánì. Nígbà mìíràn, ọ̀tá ni, bí ti Sọ́ọ̀lù tí ó ń lépa Dáfídì láìnídìí. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, Ìwé Mímọ́ kò sọ. Ẹ wo Jósáyà, tí Àwọn Ọba Kejì 23 ní kò sí ọba tí ó dà bí rẹ̀ tí ó fi gbogbo ọkàn yí padà sí Olúwa. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni nígbà tí ó jọba, ó lo ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, Fáráò Nékò sì pa á ní Mégídò ní 609 kí a tó bí Kristi. Ìwé Àwọn Ọba sọ ikú náà ní ẹsẹ kan, kò sì wí ìdí. Ìwé Kíróníkà Kejì, orí 35, ní kò fetí sí ìkìlọ̀ tí ó ti ẹnu Nékò wá. Òǹkọ̀wé méjì nínú Bíbélì kan náà: ọ̀kan rí ìdí, èkejì dákẹ́. Kíróníkà tún sọ pé Jeremáyà sun ún lẹ́kún, tí àwọn akọrin lọ́kùnrin lóbìnrin sì ń fi í kọrin arò. Orin arò ni wọ́n fi dáhùn.

Sáàmù 22 kò lo orúkọ “ẹni òróró” rárá, bí ó tilẹ̀ ní orúkọ Dáfídì lórí, nítorí náà mo máa ń ṣọ́ra kí n tó fi í sínú ọ̀rọ̀ yìí. Ṣùgbọ́n ibi tí a tò ó sí ń sọ̀rọ̀. Akọ màlúù Básánì, kìnnìún àti ajá yí ẹni náà ká, wọ́n ń pín aṣọ rẹ̀, ó ń béèrè ìdí tí Ọlọ́run fi kọ òun sílẹ̀. Kò jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ kankan nínú gbogbo rẹ̀, kò sì ṣépè fún ẹnìkan. Lẹ́yìn ẹsẹ 21 ni ó di ìyìn láàárín ìjọ, ìyìn tí ó dé ọ̀dọ̀ ìran tí a kò tíì bí. Aísáyà 53 náà kò pe ìránṣẹ́ Olúwa ní ẹni òróró, àwọn Júù àti Kristẹni kò sì tíì fẹnu kò lórí ẹni tí ó jẹ́, ìbéèrè tí ìwẹ̀fà ará Etiópíà ti bi Fílípì nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 8. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú níbẹ̀ ni ẹsẹ 4. Àwọn tí ó ń wo ìyà ìránṣẹ́ náà ní àwọn kà á sí ẹni tí Ọlọ́run ń lù, wọ́n sì jẹ́wọ́ pé àwọn ṣìnà.

Àwa Kristẹni ń ka gbogbo èyí mọ́ Jésù lára, ẹsẹ̀ wa sì múlẹ̀ níbẹ̀. Ní Ìṣe 4, ìjọ àkọ́kọ́ gbàdúrà pẹ̀lú Sáàmù 2, orin ọ̀pá irin yẹn. Hẹ́rọ́dù àti Pílátù ni wọ́n fi sípò àwọn ọba tí ó gbìmọ̀, àgbélébùú ni wọ́n sì ń sọ, kì í ṣe ojú ogun. Síbẹ̀, mo ní ìkùnsínú sí bí a ṣe máa ń sáré sọ pé ìyà ni ọ̀nà ògo, kí omijé tó gbẹ lójú ọlọ́fọ̀. Ó rí bẹ́ẹ̀ fún Kristi gẹ́gẹ́ bí Lúùkù 24 ti wí. Ṣùgbọ́n Jósáyà kò ti Mégídò padà wá láti ṣẹ́gun, Sáàmù 89 kò sì rí ògo kankan kí ó tó dákẹ́. Àwọn kan ní nígbà tí Jésù ké pé Ọlọ́run mi, Ọlọ́run mi, gbogbo Sáàmù 22 dé ìparí ìyìn rẹ̀ ni ó ní lọ́kàn. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n Máàkù àti Mátíù kọ igbe yẹn nìkan sílẹ̀, n kò sì rò pé a ní àṣẹ láti bá wọn fò ó. Àwọn tí ó sì ní orin àwọn ọba àtijọ́ lásán ni, pé kò kàn wá, kò rò ó jinlẹ̀: nígbà tí kò sí ọba ìdílé Dáfídì kankan mọ́ ní Jerúsálẹ́mù, àwọn Júù ṣì ń kọ wọ́n nínú tẹ́ḿpìlì kejì. Wọ́n ti kúrò láàfin tipẹ́.

Nítorí náà, arábìnrin mi, ẹ gba méjèèjì gbọ́. Ẹnu àwọn ènìyàn kan náà ni Sáàmù 20 àti 89 ti jáde, Ọlọ́run kan náà ni wọ́n sì ń bá sọ̀rọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè bóyá Ọlọ́run gbọ́ àdúrà ààwẹ̀ yín, Hébérù 5:7 ni kí ẹ fi hàn án: Jésù fi igbe kíkan àti omijé gbàdúrà sí ẹni tí ó lè gbà á lọ́wọ́ ikú, ó ní a sì gbọ́ ọ, ó sì kú. Bí ìwé náà ṣe pe ohun méjèèjì ní òtítọ́ kò yé mi tán, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́. Ẹ má dẹ́kun kíka Sáàmù 20 fún aláìsàn. Ẹ kà á láti ẹsẹ 1 dé 9 gẹ́gẹ́ bí ẹ̀bẹ̀, kí ẹ sì má ṣe sọ fún ìdílé aláìsàn pé ẹsẹ 6 ti fọwọ́ sí i. Bí ẹgbẹ́ yín bá tún pé fún ìrántí olóògbé, ẹ ka Sáàmù 89 láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé ẹsẹ 51, kí ẹ jẹ́ kí ẹni tí ó bá fẹ́ sunkún sun ún, kí ẹ tó ka 132. Bí alàgbà yín bá wà níbẹ̀, ẹ fún un ní Aísáyà 53 kí òun ni ó kà á fún ìjọ.